Omi Ayọ́wá Tí Ẹ Mu Lọ́wọ́ Mi

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń bínú sí,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti wà ní sàréè. Tí mo bá ní ẹ kú ilé, ilé kọ́ lẹ wà. Tí mo bá ní ẹ kú ìsinmi, ká sọ tòótọ́, mi ò tíì fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́ tí nǹkan bá ń dùn mí, ọ̀dọ̀ yín ni mo sì ti kọ́ ọ. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó jókòó kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí ìkúnlẹ̀ yẹn dúró fún gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti le jù.

Odò Ayọ́wá ti gbẹ.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná. Kì í ṣe pé ó fà bó ṣe máa ń fà nígbà ọyẹ́, tá á ku tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkúta, tí a ó sì máa fi igbá rọra bù ú. Ó gbẹ ni. Mo fọwọ́ tú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ òkúta tí a ti máa ń fọṣọ, mo tú u títí ó fi dé ìgbọ̀nwọ́ mi, erùpẹ̀ gbígbẹ ni mo bá. Mo rí alákàn kékeré kan tó ti kú síbẹ̀, ó fúyẹ́ bíi háhá àgbàdo. Mo jókòó ti alákàn yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Ata mi ti rọ, ilá ò so mọ́, ṣọkọ̀ ti gbẹ mọ́ ebè. Àkùrọ̀ yẹn ni mo fi ń rán àwọn ọmọ mi níwèé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o.

Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú mi rin odò yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè? Ìyá mi ò tíì pẹ́ kú nígbà náà. Bọ̀dá Sùlé ẹ̀gbọ́n mi wà nílé kéwú, kò sẹ́ni tó máa dúró tì mí nílé, lẹ bá ní kí n máa bá yín lọ sóko. Ẹ gbé mi sórí irin kẹ̀kẹ́ ológeere yín, ẹ fi kẹ́tù àlùwàlá kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń dún kọ́ọ́kọ́ọ́ títí a fi yà kúrò lọ́nà Kuta. Ládàánì mọ́ṣáláṣí lẹ jẹ́. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ, kẹ́tù yẹn ò gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín.

Ibi tí Ayọ́wá ti ń já sínú odò ńlá la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n wò ó bó ṣe ń wọlé jẹ́ẹ́ láìpariwo, pé ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ayọ́wá nìyẹn. A wá ń gòkè. A kọjá àkùrọ̀ àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kọjá òkúta ìfọṣọ, a kọjá àkùrọ̀ tiwa. Lókè tiwa, odò kékeré kan wá láti apá ọ̀tún, ẹ ní kí n ki ọwọ́ bọ àwọn méjèèjì, kí n sọ èyí tó tutù jù. Ti Ayọ́wá ló tutù jù. Ẹ ní abẹ́ ilẹ̀ ni Ayọ́wá ti ń bọ̀, èkejì kàn ń gba orí ilẹ̀ kiri ni. Lẹ́yìn ìyẹn la dé orísun, lábẹ́ àwọn igi ńlá tí oòrùn kì í ráyè wọ̀. Omi ò tú jáde níbẹ̀ bí mo ṣe rò. Ó kàn ń sun lábẹ́ òkúta yangí ni, bí òógùn ṣe ń sun níwájú orí ẹni tó ń roko.

Mo rò pé a ti parí ìrìn nìyẹn. Ẹ ní rárá, a ò tíì dé ibi tí odò ti bẹ̀rẹ̀. A tún gòkè lọ nínú koríko títí a fi dé ìdí àpáta dúdú tó wà lórí òkè pátápátá. Ẹ gbé kẹ́tù sókè, ẹ da omi díẹ̀ síwájú àpáta. Ó ṣàn lọ sọ́dọ̀ wa. Ẹ da díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣàn lọ sí apá Olúpọ̀nnà. Ẹ ní òjò tó bá rọ̀ síwájú àpáta yìí, tiwa ni, èyí tó bá rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ti àwọn ará ọ̀hún ni. Mo ní èyí tó bá wá rọ̀ sórí àpáta gan-an ńkọ́? Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di ikùn mú, ẹ ní ti alángbá ni.

Ẹ wá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ ní yangí tí a dúró lé lórí yìí ni ìkòkò Ayọ́wá. Ó ń mu òjò, kò sì ní dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ ọ́ fún wa. Omi tí à ń mu nígbà ọyẹ́, òjò tó ti rọ̀ tipẹ́tipẹ́ ni. Mi ò tíì lè ka Fátíà já dáadáa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí òjò ti pín.

Torí ẹ̀ lẹ kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro oko dé abẹ́ òjìji àwọn igi yẹn. Ẹ bá àbúrò ara yín jà nítorí igi ìdáná tó gé níbẹ̀, ẹ ò jẹun nílé rẹ̀ mọ́ títí ó fi wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ kì í ki ẹsẹ̀ bọ odò láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ ọ̀hún. Tí òjò bá ti dá, ẹ máa ń kó gbogbo àwa tí à ń lo odò jọ, a ó gbá ewé kúrò nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, ẹ ó wá a lọ sílé. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bu omi fún yín mu, ì báà jẹ́ ọmọdé, ẹ ó mu ún tán, ẹ ó dá igbá padà, ẹ ó ní: "Omi ò ní gbẹ níwájú rẹ." Gbogbo ará odò ló mọ àdúrà yẹn mọ́ yín. Àwọn ìyá alákùrọ̀ á máa sáré bu omi fún yín kẹ́ ẹ tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ yín, torí àdúrà ọ̀hún náà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àìsàn yín.

Nígbà tí àìsàn dá yín dúró sílé ní Ìwó, ẹ ní ẹ ò mu píọ́ wọ́tà, pé ó ń rùn bíi rọ́bà. Bọ̀dá Sùlé ní ẹ ti ń ṣe bí ọmọdé. Èmi ni mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì lé ọ̀kadà lọ sí Ayọ́wá, tí mò ń gbé e bọ̀, tí mò ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, tí mò ń bù ú sínú kọ́ọ̀pù fún yín. Ìgbà kan wà tí ọlọ́kadà gbé èmi àti kẹ́ẹ̀gì ṣubú sí kòtò. Kẹ́ẹ̀gì ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo orúnkún mi. Màá gbé ẹ̀yìn yín sókè, ẹ ó mu ún, ẹ ó dá kọ́ọ̀pù padà fún mi, ẹ ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹ ò ṣe àdúrà yẹn fún mi mọ́, bàbá. Mo kíyè sí i. Mo ní bóyá èémí ni ò tó. Mo ní bóyá àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Mo tiẹ̀ máa ń bá yín sọ ọ́ fún ara mi tí mo bá ń ṣan kọ́ọ̀pù.

Àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹ ní sàdáákà tí èrè rẹ̀ kì í tán lẹ fẹ́ ṣe, fún bàbá yín tó ti lọ àti fún ara yín. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo bi yín níbi tẹ́ ẹ ti rówó, ẹ ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo rò pé owó kòkó àtijọ́ kan lẹ fi pamọ́. Wọ́n gbé táǹkì dúdú sókè, wọ́n mọ ògiri sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ sí i lára, wọ́n wá kọ orúkọ yín gàdàgbà sára ògiri náà. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, àáfà ní gbogbo ẹni tó bá fi omi yẹn ṣàlùwàlá, ẹ̀san rẹ̀ ń wá bá yín ní sàréè. Mo sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Mo ń yan kiri àdúgbò, mo ń sọ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí ò bèèrè pé bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Háà. Ẹ gbé mi gẹṣin aáyán, mo sì gùn ún dáadáa.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu ilẹ̀ lẹ́yìn ikú yín nígbà tí Ìyá Ráṣídà pè mí lórí fóònù. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ni àkùrọ̀ wọn wà nísàlẹ̀ tiwa, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin. Wọ́n kàn ń pariwo ni:

"Wọ́n ti dé orísun o! Máa bọ̀ kíákíá! Wọ́n ń wó igi!"

Mo fò sórí ọ̀kadà, mi ò tiẹ̀ rántí ìborùn. Kí n tó dé, àwọn igi ti wà nílẹ̀. Katapílà kan ń ha òkè bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, àwọn típà tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kó yangí lọ. Mo dúró síwájú katapílà yẹn, bàbá. Mo bú awakọ̀, mo bú ẹni tó rán an níṣẹ́, mo ní ilẹ̀ bàbá mi lẹ wọ̀ yìí, ẹ̀yin olè, ẹ fẹ́ máa fi ikú rẹ̀ jẹun. Awakọ̀ pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà ò bá mi jà. Ì bá tiẹ̀ ti bá mi jà! Àlájì kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ni, ó ṣí fìlà, ó bá mi kẹ́dùn ikú yín kó tó sọ ohunkóhun.

"Ẹ fara balẹ̀, ìyá," ló wí. "Mi ò jalè. Bàbá ló ta ibí fún mi, kí àìsàn wọn tó le. Àwọn fúnra wọn ló mú mi rìn ín láti ìsàlẹ̀ dé òkè."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń ta orísun odò. Ó wò mí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Wọ́n mú kẹ́tù kan dání," ló wí. "Wọ́n ń da omi síwájú àpáta àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí n lè mọ ibi tí ilẹ̀ dé. Mo bi wọ́n léèrè òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ti alángbá ni."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pupa yẹn. Ká ní ó mú ìwé jáde ni, ǹ bá ní ayédèrú ni. Ká ní ó mú ẹlẹ́rìí wá ni, ǹ bá ní ó fowó rà á ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ ọ̀rọ̀ alángbá fún un bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo ti rò láti kékeré pé èmi àti ẹ̀yin nìkan la ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó tún ní ohun kan wà tẹ́ ẹ bẹ òun. Ẹ ní kó má fọwọ́ kan ibẹ̀ títí ẹ ó fi kú, torí pé ọmọ yín obìnrin kan máa ń lọ síbẹ̀. Ó ní òun mú ìlérí òun ṣẹ. Ó sọ ọ́ bíi pé ó yẹ kí n dúpẹ́.

Bàbá, ẹ mọ̀. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń tà, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lẹ jẹ́. Gbogbo omi tí mo gbé fún yín lórí àìsàn, omi tẹ́ ẹ ti tà ni. Ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, tí òógùn bò mí, tí mò ń ròyìn fún yín bí odò ṣe mọ́ tó lọ́jọ́ náà, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ̀rù ẹnu mi ló ń bà yín ni? Ṣé àánú mi ló ń ṣe yín? Tó bá jẹ́ àánú ni, irú àánú wo ló jẹ́ kí n máa gbin ata síbi tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó máa gbẹ? Ẹ dà mí, bàbá. Mo wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, mi ò rí.

Mo gba ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Sùlé lọ láti ibẹ̀, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ lára aṣọ mi. Mi ò kí i. Mo bi í bóyá ó mọ̀. Ó ń fọwọ́ ra tẹ̀súbáà, ojú rẹ̀ ò lè wo ojú mi. Ó mọ̀. Ó wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú Àlájì rìn ín.

"Bàbá ní kí n má sọ fún ẹ," ló wí. "Wọ́n ní ìwọ lo máa pariwo."

"Kí n má pariwo kẹ̀? Omi tí à ń mu!"

"Owó omi náà kọ́ ni bàbá fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ? Èèyàn mélòó ló ń mu Ayọ́wá nínú igbó lọ́hùn-ún? Gbogbo àdúgbò ló ń mu kànga bàbá. Ìwọ wo iye àdúrà tó ń lọ bá wọn."

Mo bínú jáde nílé rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún bá mi délé. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Ṣé Ayọ́wá kì í ṣe sàdáákà ni? Ọlọ́run ló ṣe é, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó ń fi ṣàlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí abúlé, gbogbo ìyá tó ń fi wẹ ọmọ, ṣé ẹ rò pé ẹ̀san ìyẹn ò ní rí yín torí pé kò sí ògiri níbẹ̀ ni? Ṣé torí orúkọ ni, bàbá? Àbí ẹ̀rù ikú ló bà yín, tẹ́ ẹ fi ń wá ohun tẹ́ ẹ lè tètè fi sílẹ̀? Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá pariwo lóòótọ́, ǹ bá pariwo débi pé ará ilé kejì á yọjú. Lẹ́yìn náà ǹ bá jókòó tì yín, ká jọ wá ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí à ń pín ẹrù yín, kẹ́tù yẹn nìkan ni mo bèèrè. Nígbà tí òjò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, mo gbé e gòkè lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí àwọn onítípà ò ṣiṣẹ́. Mi ò bá àpáta dúdú níbi tó wà mọ́. Wọ́n ti yí i dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti di kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n la ọ̀nà típà gbà, ilẹ̀ sì ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí apá ibẹ̀. Mo da omi sílẹ̀ níbi tó yẹ kó jẹ́ iwájú àpáta. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rántí ọ̀nà, ó wá yíjú, ó gba ipa táyà lọ sí Olúpọ̀nnà. Mo tún dà á. Ó tún gba ibẹ̀ lọ. Òjò tiwa ti di ti àwọn ará ọ̀hún, kò sì tiẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní kan, ẹrẹ̀ pupa ló ń kó bá odò wọn.

Ó wá ku ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí gan-an. Àwọn tó ń lo odò ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tà á. Àwọn kan ní Àlájì fipá gbà á ni, àwọn kan ní ọmọ onílẹ̀ kan lábúlé ló wà nídìí ẹ̀. Orúkọ yín ò tiẹ̀ sí lẹ́nu wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa obìnrin alákùrọ̀ pàdé sétí Ayọ́wá gbígbẹ. Ata Ìyá Ráṣídà ti kú tán, ata yẹn sì ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ṣí ìborùn kúrò lórí, wọ́n gbójú sókè:

"Ẹni tó ta omi wa yìí, kò ní rí omi mu láyé, kò ní rí omi mu lọ́run! Ẹ ṣe àmín!"

Wọ́n ṣe àmín, gbogbo wọn. Wọ́n wá ń wo ẹnu mi.

Kí lẹ bá fẹ́ kí n ṣe, bàbá? Tí mo bá ṣe àmín, ẹ̀yin ni mo ṣẹ́ èpè fún nínú sàréè. Tí mi ò bá ṣe é, wọ́n á bèèrè ìdí. Mo díbọ́n bíi pé ikọ́ ń ṣe mí. Mo fi ìborùn bo ẹnu, mo ń húkọ́ títí ọ̀rọ̀ fi kọjá. Inú bí mi sí yín lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ katapílà lọ, torí pé ẹ ti sọ mí di ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún àwọn ìyá tó bá yín tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá mi. Bẹ́ẹ̀, mo délé, mo tẹ́ ẹní, mo ń bẹ Ọlọ́run kó má gba èpè yẹn. Mò ń bínú sí yín, mo sì tún ń bẹ̀bẹ̀ fún yín. Ó rẹ̀ mí.

Ẹ gbọ́ ti àná. Láti ọjọ́ katapílà, mi ò pọn omi níbi kànga yín mọ́. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mò ń gbà kọjá kí n má baà rí ògiri yẹn. Inú kànga aládùúgbò wa ni mo ti ń fa omi, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú òun náà, ó ti ku ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí lánàá, mo gbé kẹ́ẹ̀gì àti kẹ́tù yín, mo lọ tò nídìí kànga yín. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n ń yà fún mi.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ olómi kọ́kọ́ pọn o! Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere!"

Àwọn ọmọdé pàápàá ń ṣe àmín. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ sí.

Ta ni mo rí nídìí ẹ̀rọ? Ìyá Ráṣídà. Àwọn náà gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti abúlé lórí ọ̀kadà. Tẹ́lẹ̀, oko ni mo ti ń gbé omi wá sílé fún yín. Ní báyìí, Ìwó ni wọ́n ti ń wá omi lọ sóko. Ètè wọn ti bó, eruku bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gba kẹ́tù lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n bu omi sínú rẹ̀, wọ́n nà án sí mi bí wọ́n ṣe máa ń na igbá sí yín.

"Gbà, mu," wọ́n ní. "Bàbá ẹ mà ṣèèyàn o. Ká ní wọ́n wà láàyè ni, ta ló máa láyà ta odò yẹn? Mu, kó o bá mi sọ àdúrà wọn yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Mo mu ún. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mi ò ní purọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí irin, ẹ̀yin ì bá má mu ún. Mo mu ún tán, mo dá kẹ́tù padà fún wọn, mo la ẹnu. Wọ́n ti tẹ́wọ́, wọ́n ń dúró. Omi ò ní gbẹ níwájú yín. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu yín láti kékeré. Kò jáde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tí omi ti gbẹ níwájú wọn, tí mo sì mọ ẹni tó fà á?

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó há yín lọ́fun lórí àìsàn. Ẹ lè dákẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi àdúrà yẹn parọ́ fún mi. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìyẹn tó kí n dárí jì yín. Mo kàn kọjú sí ògiri, bàbá, gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, orúkọ yín sì wà níwájú mi gàdàgbà.

Mi ò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, tí mo bá ti kúrò ní sàréè yín, mò ń lọ sílé Ìyá Ráṣídà. Màá sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni. Lẹ́yìn náà màá kúnlẹ̀, màá di ẹsẹ̀ wọn mú, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká èpè yẹn kúrò lórí yín, torí pé àwọn tó ṣẹ́ ẹ nìkan ló lè ká a. Orúkọ yín á bàjẹ́ lẹ́nu gbogbo ará odò. Ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ ó rí omi mu.

Èmi ni, ọmọ yín,
tó ṣì ń bínú, tó ṣì ń gbé omi yín bọ̀.